Pọ́ǹpù méjì ti kú lára Sienna mi, sítíárìn ṣì ń le: ṣé ráàkì ni kí n rà báyìí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí, Kábà ni mo ń gbé. Toyota Sienna 2006 tó ní ẹ́ńjìnnì 3.3 ni mo fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, òun náà ni mo sì fi ń lọ sí Lọ́kọ́ja àti Ìsánlú. Láti ìgbà òjò tó kọjá ni sítíárìn rẹ̀ ti le, tí mo bá sì ń kọ́nà, á máa ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Mẹkáníìkì pààrọ̀ pọ́ǹpù, tòkunbọ̀ ni. Ó dáa fún bí oṣù kan, igbe tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ ìkejì, ìyẹn ò tiẹ̀ pẹ́ tó ti àkọ́kọ́. Ọ́ìlì inú ìgò ń dín, ife tíì kékeré kan ni mò ń fi kún un lọ́sẹ̀ méjì méjì, ó sì ń hó kùṣùkùṣù, ṣùgbọ́n n kò rí ibi tó ń kán sí. Àárọ̀ ló máa ń le jù. Báyìí, wọ́n ní kí n lọ ra ráàkì, irin gbọọrọ tó ń ti táyà iwájú sọ́tùn-ún sósì. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n yọ páwà rẹ̀, ìyẹn ìrànlọ́wọ́ ọ́ìlì, kúrò pátápátá, kí n máa fi agbára yí i. Owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ mi. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n wa, òkun o. Ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìfaradà.

Ẹ má tíì ra ráàkì, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ páwà náà. Ó ṣeé ṣe kí ráàkì wà lára ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yín, kódà ohun tí ẹ kọ fi hàn pé ó jọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ráàkì tuntun sí i lónìí láìfọ ọ̀nà ọ́ìlì mọ́, pọ́ǹpù kẹta ló kàn. Pọ́ǹpù kì í sábà dédé kú. Nǹkan kan ló ń pa á, nǹkan ọ̀hún sì wà nínú ọkọ̀ yín síbẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bẹ́líìtì ń yí pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù ń fa ọ́ìlì látinú ìgò, ó ń fi agbára tó lè ju 1,000 psi lọ tì í gba họ́ọ̀sì líle wọ inú ráàkì. Ráàkì á fi agbára yẹn ti táyà síbi tí ẹ ń yí i sí, ọ́ìlì á wá gba họ́ọ̀sì rírọ̀ padà sínú ìgò. Ó ń yípo lásán ni. Ẹ́ńjìnnì lè jó ọ́ìlì tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́ìlì páwà sítíárìn kò ní ibi tó lè jó sí. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé ó máa ń dín bẹ́ẹ̀ náà ni, ẹ má gbà. Tó bá dín, ó ń jò.

Ẹ ní ẹ ò rí ibi tó ń kán sí. Ìyẹn ò yà wá lẹ́nu. ATF, ìyẹn ọ́ìlì páwà tí wọ́n ń rọ sínú Sienna yín, pupa, ilẹ̀ àdúgbò yín náà pupa. Bó bá kán sílẹ̀ lóru, ilẹ̀ á mu ún, ojú ò ní rí nǹkan kan láàárọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ abẹ́ ọkọ̀ mọ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ́ páálí ńlá sábẹ́ rẹ̀ láti orí táyà iwájú kan dé ìkejì, kó sì sùn síbẹ̀. Tí páálí bá tutù lápá ibi tí bẹ́líìtì wà, ẹ fura sí pọ́ǹpù, họ́ọ̀sì tó wọ̀ ọ́ àti síìlì (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò) ẹ̀yìn púlì rẹ̀. Tó bá tutù láàárín, ẹ wo orí ráàkì níbi tí sáfútì sítíárìn ti wọ̀ ọ́. Tó bá tutù lẹ́bàá táyà, ráàkì bùútù ni.

Ráàkì bùútù yìí gan-an la fura sí jù nínú ọ̀rọ̀ yín. Òun ni rọ́bà dúdú oníṣẹ́po tó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ráàkì, tó bo irin tó ń wọlé tó ń jáde bí ẹ ṣe ń yí sítíárìn. Nígbà tí síìlì inú ráàkì bá já, inú bùútù yìí ni ọ́ìlì máa kọ́kọ́ dúró sí. Ó lè pẹ́ kó tó kún débi tí yóò máa kán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé imú ọkọ̀ sókè kí wọ́n sì fọwọ́ fún un. Bó bá fúyẹ́, tó kàn ń fẹ atẹ́gùn lásán, kò sí wàhálà níbẹ̀. Bó bá wúwo tó sì ń mì wọ́jọ́wọ́jọ́, kí wọ́n gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tú kílíìpù kékeré ẹnu rẹ̀. Gírísì díẹ̀ nínú rẹ̀ kò burú. Ọ́ìlì pupa tó bá ṣàn jáde, ẹ̀rí ni pé síìlì ti lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ráàkì, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí afẹ́fẹ́ ń gbà láti bùútù kan sí ìkejì, ọ́ìlì sì lè bá a kọjá. Nítorí náà, bùútù tó tutù kò fi dandan jẹ́ ẹ̀gbẹ́ tó bàjẹ́.

Pé ó ń le láàárọ̀, tó sì ń rọ̀ bí ọkọ̀ bá ti gbóná, ìyẹn náà ń tọ́ka sí ráàkì: àwọn rọ́bà inú ibi tó ń pín ọ́ìlì sọ́tùn-ún àti sósì ti gan, tàbí wọ́n ti jẹ irin tó yí wọn ká. Ọ̀nà Kábà sí Lọ́kọ́ja, pẹ̀lú kòtò rẹ̀ àti tírélà sìmẹ́ǹtì tó ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀ ní Ọbajánà, kò ṣàánú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Òkúta kékeré kan tó bá ya bùútù, omi òjò á gbabẹ̀ wọlé, eruku ọ̀gbẹlẹ̀ á tẹ̀ lé e, irin inú rẹ̀ á dípẹtà, irin tó dípẹtà yìí ló sì ń gé síìlì.

Báwo ni ráàkì ṣe wá pa pọ́ǹpù méjì? Bí ọ́ìlì ṣe ń jò sínú bùútù, ó ń dín nínú ìgò, pọ́ǹpù wá ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọ́ìlì. Afẹ́fẹ́ yẹn ni ìfófòó tí ẹ ń rí, òun náà ni igbe tí ẹ ń gbọ́. Àwọn abẹ́ kéékèèké tó wà nínú pọ́ǹpù, ọ́ìlì nìkan ni ìtura wọn. Tí wọ́n bá ń yí nínú afẹ́fẹ́, irin á máa gé irin, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ á sì bá ọ́ìlì rìn káàkiri. Ní ìsàlẹ̀ ìgò ọ́ìlì Sienna yín, asẹ́ kékeré kan wà. Lẹ́búlẹ́bú yìí ló ń dí i. Nígbà tí wọ́n gbé pọ́ǹpù kejì sí i, asẹ́ ti dí, ọ́ìlì ò kọjá dáadáa, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dè é. Ó dùn wá pé asẹ́ yìí kì í sí lójú ọ̀pọ̀ ìsọ̀ mẹkáníìkì, nígbà tó jẹ́ pé fífọ̀ ọ́ kò ju iṣẹ́ wákàtí kan lọ. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá bó ṣe rí nìyẹn, ẹ ti aṣọ funfun bọ inú ìgò, kí ẹ gbé e sí oòrùn. Ọ́ìlì tó dáa á pupa á sì mọ́. Tó bá dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, tàbí tí nǹkan ń dán wínníwínní lára aṣọ, irin pọ́ǹpù ni ẹ ń wò yẹn.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe àwọn àyẹ̀wò tí kò gba owó. Kí wọ́n kọ́kọ́ wọn atẹ́gùn táyà iwájú. Bébà tó wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ sọ iye tó yẹ, ó máa ń wà ní nǹkan bí 35 psi fún Sienna. Táyà tó wà ní 20 lè mú kí sítíárìn tí kò ní àrùn le. Lẹ́yìn náà kí wọ́n gbé táyà iwájú méjèèjì kúrò nílẹ̀, kí wọ́n gbé ọkọ̀ lé ẹsẹ̀ irin, wọn ò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ lórí jáákì nìkan. Kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí kọ́kọ́rọ́ wà ní ibi tí sítíárìn ò ti ní dè, kí ẹ fi ọwọ́ yí i láti òpin dé òpin. Nígbà tí táyà ò kan ilẹ̀, ó yẹ kó yí geere. Bó bá ń há níbì kan, ọ̀rọ̀ yẹn kò sí lọ́wọ́ pọ́ǹpù rárá: bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, béárìn orí ṣọ́kì, ìsopọ̀ sáfútì sítíárìn tàbí eyín inú ráàkì ni.

Bí ìyẹn bá dáa, kí wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Bí sítíárìn bá le nígbà tí ẹ́ńjìnnì rọra ń ṣiṣẹ́, tó sì rọ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ tóótù, pọ́ǹpù ti rẹ̀ ẹ́ tàbí bẹ́líìtì ń yọ̀. Bó bá le sí apá kan ṣoṣo, tó rọ̀ sí apá kejì, ẹ má fi owó ra pọ́ǹpù, inú ráàkì ni àrùn wà. Bó bá ń han gooro nígbà tí ẹ bá yí i dé òpin, ẹ yẹ bẹ́líìtì wò.

Ẹ fara balẹ̀ lórí bẹ́líìtì yìí, nítorí ọdún ọkọ̀ yín. Sienna 2004 sí 2006 tó ní ẹ́ńjìnnì 3.3, bẹ́líìtì tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni pọ́ǹpù sítíárìn ní, ọwọ́ mẹkáníìkì ló sì ń fà á le. Bí wọ́n bá dẹ̀ ẹ́ jù, á máa yọ̀. Bí wọ́n bá fà á jù, á jẹ béárìn pọ́ǹpù, síìlì ẹ̀yìn púlì á sì máa jò, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ṣe ń kú ní kíákíá. Tí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀, kó wọlé bíi sẹ̀ǹtímítà kan, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sienna 2007 sí 2010 tó ní 3.5, bẹ́líìtì gígùn kan ṣoṣo ló ń yí gbogbo nǹkan, irin kan sì ń fà á fúnra rẹ̀. Bí ìyẹn bá já lójú ọ̀nà, kí ẹni tó ni ín pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí bẹ́líìtì yẹn kan náà ló ń yí pọ́ǹpù omi, ẹ́ńjìnnì á gbóná kọjá ààlà. Ti yín tó jẹ́ 3.3, tí bẹ́líìtì pọ́ǹpù bá já, ẹ ṣì lè rọra wà á dé ilé.

Ó wá kan fífọ̀, ibẹ̀ la ti fẹ́ kí ẹ dúró ti mẹkáníìkì. Lítà mẹ́ta ATF Dexron III tó péye ni kí ẹ rà. Gbogbo ohun tó wà nínú páwà náà kò ju nǹkan bíi lítà kan lọ, ìyókù wà fún ìfọ̀. Kí wọ́n fa ọ́ìlì inú ìgò jáde, kí wọ́n tú ìgò náà kúrò lára ọkọ̀, kí wọ́n fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́ níbi tó jìnnà sí iná, kí wọ́n sì gbọ̀n ọ́n dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sókè kọjú sí oòrùn, kí ẹ wo asẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kí ìmọ́lẹ̀ gba gbogbo ojú rẹ̀ kọjá. Bí apá kan bá ṣú, kí wọ́n tún fọ̀ ọ́. Bó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ ra ìgò mìíràn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìṣó lu asẹ́ náà, ìdọ̀tí tó bá gbabẹ̀ kọjá, pọ́ǹpù ni yóò gbé e mì. Kí ó gbẹ tán kí wọ́n tó dá a padà, kí wọ́n sì wo kílíìpù họ́ọ̀sì tó ti ìgò lọ sí pọ́ǹpù. Họ́ọ̀sì yẹn lè máa fa afẹ́fẹ́ wọlé láìjò ẹ̀kán kan síta. Bí ẹnu rẹ̀ bá ti gan tàbí tó ti là, kí wọ́n gé ibẹ̀ kúrò tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú họ́ọ̀sì tí ọ́ìlì kì í jẹ. Họ́ọ̀sì omi rédíétọ̀ ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Kí wọ́n wá yọ họ́ọ̀sì tó ń dá ọ́ìlì padà, kí wọ́n ti ẹnu rẹ̀ bọ inú ìgò ike òfìfo, kí wọ́n sì dí ojú ihò tó ṣẹ́kù lára ìgò ọ́ìlì. Táyà wà lókè, ẹ́ńjìnnì wà ní pípa. Ẹnì kan ń rọ ATF tuntun, ẹnì kejì ń rọra yí sítíárìn láti òpin dé òpin. Ọ́ìlì dúdú á máa jáde. Kí ẹni tó ń rọ ọ́ má jẹ́ kí ìgò gbẹ. Ẹ dúró nígbà tí èyí tó ń jáde bá ti pupa tó sì mọ́ bí èyí tó ń wọlé.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá dá họ́ọ̀sì padà, afẹ́fẹ́ ló kù láti lé jáde. Ẹ́ńjìnnì ṣì wà ní pípa, kí wọ́n yí sítíárìn díẹ̀díẹ̀ lọ bọ̀ bí ogún ìgbà, kí wọ́n máa fi ọ́ìlì kún un. Kí wọ́n wá tan ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n tún yí i, ṣùgbọ́n kí wọ́n má dì í mú ní òpin ju ìṣẹ́jú-àáyá méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ibi tí agbára ọ́ìlì ti ń ga jù nìyẹn, gbígbóná ibẹ̀ sì máa ń sun pọ́ǹpù. Ẹ̀yin fúnra yín náà, tí ẹ bá ń yí ọkọ̀ padà nínú ọgbà ilé ìwé, ẹ má máa dì í mú ní òpin. Tí ìfófòó bá ṣì wà, kí wọ́n pa á, kí ó sinmi bí ààbọ̀ wákàtí, kí wọ́n tún ṣe é. Àyẹ̀wò ìparí tí Toyota fúnra wọn ń lò ni pé kí ẹ wo ojú ọ́ìlì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kí ẹ pa á, kí ẹ tún wò ó. Bí ojú ọ́ìlì bá ga sí i ju mìlímítà márùn-ún lọ, afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n rọ ọ́ìlì bíréèkì sí i láé, á mú kí àwọn síìlì wú, á sì bà wọ́n jẹ́. Àwọn tó ń wa Honda, ATF kọ́ ni ti yín, ọ́ìlì sítíárìn ti Honda ni kí ẹ wá. Ní ti òògùn tí wọ́n ń rọ sínú rẹ̀ pé ó ń dá jíjò dúró, a ò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Ó máa ń sọ rọ́bà di wíwú fún ìgbà díẹ̀, irin tó dípẹtà kò sì ní tìtorí ẹ̀ dán.

Bí bùútù bá jẹ́rìí pé síìlì ráàkì ti já, wọ́n lè tún ráàkì yín ṣe dípò kí ẹ ra òmíràn. Àwọn tó ń tún ráàkì ṣe ní àpò síìlì tuntun tí wọ́n ń pè ní kíìtì. Ẹ má sanwó kíìtì kí ẹ tó wo irin inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fa bùútù sẹ́yìn, ẹ yí sítíárìn dé òpin kí irin lè yọ jáde, ẹ nù ún mọ́, kí ẹ fi èékánná ìka fa orí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Bí èékánná bá ń yọ̀ lọ geere, kíìtì á pẹ́. Bó bá ń kọ́ níbì kan, ibẹ̀ ló ti dípẹtà, á gé síìlì tuntun náà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Nígbà yẹn ni ká tó sọ̀rọ̀ ráàkì mìíràn.

Tó bá di tòkunbọ̀ ráàkì, yálà Ìlọrin ni ẹ ti rà á tàbí Ládípò l'Ékòó, ẹ rí i pé ti ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lósì ni. Ẹ fi ọwọ́ yí orí rẹ̀ láti òpin dé òpin, kó má há, kó má sì ṣe gẹ́gẹ́ láàárín. Ẹ fún bùútù rẹ̀, kí ẹ sì fi èékánná wo irin rẹ̀ bákan náà. Kí ẹni tó ń tú ti tẹ́lẹ̀ fi sítíárìn sí àárín gbùngbùn, kó fi bẹ́líìtì ìjókòó so ó kó má lè yí, kó sì fi ọ̀dà funfun sàmì sí sáfútì kó tó yọ ọ́. Bí sítíárìn bá yí lófìfo nígbà tí sáfútì ti kúrò, clock spring, ìyẹn wáyà kíká tó wà lábẹ́ rẹ̀, á já, iná airbag á tàn, ó sì lè jẹ́ kí fèrè má dún mọ́. Lẹ́yìn ráàkì, aláìnmẹ́ǹtì, ìyẹn títo táyà kó dúró gún, jẹ́ dandan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ táyà tuntun á jẹ lápá kan kí oṣù mélòó kan tó pé.

Yíyọ páwà ńkọ́? Ọkọ̀ á rìn, ṣùgbọ́n Sienna wúwo, ráàkì rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ìrànlọ́wọ́ ọ́ìlì. Ẹ ń gbé ọmọ ọlọ́mọ. Níbi tí tírélà bá ti yà sí yín lójú kòtò, apá yín gbọ́dọ̀ ká ọkọ̀ ní kíá. Kí ẹ fi í dé ilé nígbà tí bẹ́líìtì bá já, ó tọ́. Kí ẹ sọ ọ́ di bó ṣe máa rí títí, a ò fọwọ́ sí i. Bákan náà, bí họ́ọ̀sì líle bá ń jò, wọn ò gbọdọ̀ fi kílíìpù dè é tàbí fi rọ́bà wé e. ATF tó bá tú sórí ọ̀pá èéfín gbígbóná lè gbiná. Àwọn tó ń ṣe họ́ọ̀sì katapílà àti tírélà lè fún ẹnu irin rẹ̀ mọ́ họ́ọ̀sì tuntun, bí họ́ọ̀sì náà bá jẹ́ èyí tó lè gbé agbára páwà sítíárìn.

Fún àwọn òǹkàwé tó ní Sienna 2011 sókè, Corolla 2009 sókè tàbí Camry 2012 sókè: iná mànàmáná ló ń ran sítíárìn yín lọ́wọ́, ẹ ò ní rí ìgò ọ́ìlì rẹ̀. Bó bá le, bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n. Nǹkan bí 12.6 fóltì ló yẹ kó ní nígbà tí ọkọ̀ sinmi, láàárín 13.5 sí 14.5 nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo fíúsì àti wáyà ilẹ̀, lẹ́yìn náà kí rẹwáyà fi ẹ̀rọ ka àmì àṣìṣe rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tú nǹkan. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè ní àbùkù láti ilé iṣẹ́ náà: ní 2010, GM, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà, pe ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù 1.3 padà ní Àríwá Amẹ́ríkà nítorí mọ́tò sítíárìn. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ lè tẹ VIN rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún, sórí ìkànnì NHTSA, àjọ ààbò ojú ọ̀nà Amẹ́ríkà, lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ wo iṣẹ́ ìpadàpè tí wọn ò tíì ṣe sí i.

Ẹ̀gbọ́n, bí a ó ṣe ná owó yín nìyí. Lọ́sẹ̀ yìí, páálí, àyẹ̀wò bùútù, lítà mẹ́ta ATF, fífọ ìgò àti bẹ́líìtì tó bá ti là. Ẹ bá mẹkáníìkì dá owó iṣẹ́ fífọ̀ lọ́tọ̀, kó má jẹ́ pé ó di dandan kó ta nǹkan fún yín kó tó jẹun. Bí bùútù bá gbẹ, tí igbe dáwọ́ dúró, tí ojú ọ́ìlì kò sì kúrò níbi àmì lẹ́yìn lílọ àti bíbọ̀ Lọ́kọ́ja méjì, ẹ ò nílò ráàkì. Bí bùútù bá tutù, ẹ tọ́jú owó kíìtì tàbí ti ráàkì, kí ẹ sì máa wo ìgò láràárọ̀ kó má dín kọjá àmì ìsàlẹ̀ títí owó yóò fi pé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ráàkì sí i, kí wọ́n tún fọ ọ̀nà ọ́ìlì kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì. Pọ́ǹpù tó wà lára rẹ̀ báyìí, bí kò bá jò, tí igbe rẹ̀ sì lọ lẹ́yìn fífọ̀, ẹ má pààrọ̀ rẹ̀.